Abẹ́rẹ́ àti Wáìnì Orí Òkè

Aránṣọ ni obìnrin kan kó tó wọlé ọkọ. Torí pé ó rí tín-ín-rín, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì máa ń gúnni, Abẹ́rẹ́ ni tẹbítọ̀rẹ́ ń pè é. Kò mọ nǹkan kan nípa wáìnì. Ohun tó ti gbọ́ ni pé bàbá ọkọ rẹ̀ gbin àjàrà sórí òkè olókùúta tí koríko pàápàá ò fẹ́ hù sí, pé àwọn aládùúgbò fi í ṣẹ̀sín títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n, àti pé nígbà tó yá, àwọn ẹlẹ́gàn kan náà ló ń gbé ìgò wá ra wáìnì rẹ̀.

Nígbà ìkórè àkọ́kọ́ tó bá wọn ṣe, wọ́n fún èso náà, wọ́n sì da omi rẹ̀ sínú àwọn àgbá ńláńlá nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, Abẹ́rẹ́ lọ gbálẹ̀ níbẹ̀, ó bá gbọ́ ìró kan bí òjò wẹ́ẹ́rẹ́ lórí páànù. Ó gbé etí lé àgbá. Inú àgbá ń hó. Ó fọwọ́ kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: kò síná, kò sí eérú. Ló bá gòkè lọ bi bàbá ọkọ rẹ̀ léèrè ẹni tó dáná.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó dáná, ìyàwó mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ń se ara rẹ̀. Mo ti darúgbó sẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí."

Ó wá kìlọ̀ fún un pé bí wáìnì bá ń hó báyìí, ó máa ń tú èémí kan jáde tí ojú ò lè rí. Ó wúwo, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, bí omi ló sì ṣe ń wá ibi tó rẹlẹ̀. Ẹni tó bá fà á símú lè má jí mọ́. Torí náà, àbẹ́là ni kí èèyàn mú sọ̀ kalẹ̀. Bí iná bá kú, kó yáa pẹ̀yìn dà.

Àṣé ẹni tó ń kìlọ̀ náà lè gbàgbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ Abẹ́rẹ́ ti kó ìgò lọ sígboro. Bàbá rí i pé àgbá kan ń jò, ó sáré wọ abẹ́ ilẹ̀ láìmú àbẹ́là. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ retí rẹ̀ tí kò rí i, ó tanná tẹ̀ lé e. Kò tíì sọ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn tí iná fi tẹrí ba, tó sì kú. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ló fi rí àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá nílẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ ní kó sáré lọ bá a, àmọ́ ọgbọ́n dá a dúró. Yàrá náà ní ilẹ̀kùn mìíràn nísàlẹ̀ òkè, ibi tí wọ́n ti ń yí àgbá jáde. Ó sáré yípo òkè, ó fa ọ̀pá ìdábùú yọ, ó ṣí i gbayawu. Kò rí ohun tó jáde, ó kàn rí i pé ìtútù kan ń ṣàn kọjá lẹ́sẹ̀ òun. Ó fa èémí sínú, ó dì í mú, ó wọlé, ó ki arúgbó náà lábíyá, ó ń wọ́ ọ. Àyà rẹ̀ fẹ́ bẹ́. Ó fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, ó jáde lọ mí, ó tún padà.

Lórí koríko ni bàbá ti lajú.

"Ṣé àgbá yẹn ṣì ń jò?"

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, bàbá pe àwọn méjèèjì, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lé ìyàwó lọ́wọ́. Ọkọ ní, "Èmi ọmọ yín wá ńkọ́?" Bàbá ní kó máa gbàṣẹ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí títí bàbá fi kú, tí àwọn ọmọ Abẹ́rẹ́ fi dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ náà.

Nígbà tí òun náà di ìyá arúgbó, àyè ò gba àgbá mọ́. Wọ́n pe bíríkìlà kó gbẹ́ ògiri ẹ̀yìn wọlé sí i. Nínú àpáta, jìnnà réré sábẹ́ ọgbà, ó kan gbòǹgbò àjàrà tí bàbá ọkọ Abẹ́rẹ́ gbìn. Ó gbé àáké láti gé e.

"Má gé e, ọmọ mi," ni Abẹ́rẹ́ sọ.

Ó fọwọ́ kan gbòǹgbò náà. Àpáta gbẹ táútáú, àmọ́ òun tutù, ó yè. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún la òkúta kọjá, láìsẹ́ni tó mọ̀. Bíríkìlà náà rọra gbé àáké sílẹ̀.