Ọdún Mẹ́fà Tí Mo Fi Orí Ìka Ẹsẹ̀ Dúró

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí ẹ gbọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi mú mi láti Èjìgbò lọ sí Abijáànì, níbi tó ti ń ta aṣọ. Obìnrin Faransé kan tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ijó. Ó wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́, ó ní òun yóò kọ́ mi ní báléè, ijó orí ìka ẹsẹ̀ àwọn òyìnbó, lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá mi gbà. Àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́ ní agboolé àáfà bíi tiwa pé ijó lọmọ òun ń kọ́? Ó ránṣẹ́ sí ìyá mi nílé pé iṣẹ́ aránṣọ ni.

Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ijó ni, ọdún mẹ́fà gbáko. A ó di igi gbọọrọ kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a ó gbéra sórí ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà tí iwájú rẹ̀ le bí òkúta. Ẹ̀jẹ̀ a máa rin ìbọ̀sẹ̀ wa. Lọ́sàn-án, ẹyin kan àti ewébẹ̀ tútù ni, nígbà tí òórùn atiẹkẹ, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, àti ẹja díndín ń wọlé láti ìta bí ẹni ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá sanra díẹ̀, ẹsẹ̀ kan ni yóò fi dúró títí a ó fi jẹun tán. Màdáámù, obìnrin Faransé tó ń kọ́ wa, a máa sọ pé, "Ẹsẹ̀ ló ń dùn yín. Ojú yín ò gbọdọ̀ gbọ́ sí i."

Mo mọ ẹ̀rín rín ju gbogbo wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú mi mọ́ àwọn méjì tí yóò lọ dánrawò fún ẹgbẹ́ oníjó ńlá kan ní Faransé. Mo ti rí ara mi nínú bàálù.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fò, mo bọ́ sílẹ̀, nǹkan dún "pà" ní kókósẹ̀ mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi aṣọ wé e, mo ń jó lé e lójoojúmọ́. Nígbà tó wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù. Dókítà ní egungun ti kán, ó sì ti ń jinná ní wíwọ́. Ká ní mo tètè wá ni.

Màdáámù jágbe mọ́ mi: "Òmùgọ̀ ọmọ! Kí ló dé tí o ò sọ?"

Ẹ bá mi dá a lóhùn, ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá mi dá mi padà sí Èjìgbò, mò ń tiro. Ìyá mi ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun dè mí. Ó pe àwọn ìyàwó ilé jọ, ó na ìró kan sí mi: "Ràfátù, ká etí rẹ̀ kí wọ́n rí i." Mi ò mọ ibi tí òwú ń gbà wọlé.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ ṣe sùúrù o! Bóyá Faransé nìkan ni ẹ̀rọ tirẹ̀ ń gbọ́."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rín. Ìyá mi nìkan ni kò rín.

Lónìí, mò ń rí àwọn ọmọ àdúgbò tí ń jó níwájú fóònù. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ wọ́n, wọ́n á pariwo, wọ́n á jókòó, ìyá wọn á fi omi gbígbóná jó o. Ó máa ń bí mi nínú. Ìlara ni.

Nígbà tí ìyá mi kú, àbúrò mi Sìkírátù, tó padà fi ẹ̀rọ náà kọ́ṣẹ́, ló jogún rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú oko ìyá wa ní abúlé Ola. Wọ́n kọjú sí mi: "Ràfátù, ìwọ ńkọ́?" Yàrá ìyá wa tí mò ń sùn ni mo fẹ́, mi ò ní ibòmíràn. Mo ní kò sí wàhálà. Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n fi yàrá náà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.