Ìṣáwùrú Inú Àpótí Jẹ́jẹ́

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ gbé àpótí gíláàsì wọlé, ẹ̀rín ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi í rín. Àgbà ọkùnrin, akunlé tí gbogbo àdúgbò ń wá, ló wá ń sin ẹja tí kò ní jẹ! Télọ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, nítorí pálọ̀ rẹ̀ ló ti ń ránṣọ. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ló là wọ́n láàárín.

Ẹ̀rín náà kò tọ́jọ́. Télọ̀ ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń pè ní Ìbéèrè nítorí ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé, abẹ́ tábìlì tí bàbá rẹ̀ fi ń gé aṣọ ló ń jókòó sí, tí yóò máa ṣa òwú, tí yóò máa béèrè ìdí tí abẹ́rẹ́ kò fi nílò ju ojú kan lọ. Ní báyìí, ẹnu ọ̀nà ló ń ju báàgì sí. “Dádì, ẹ kú iṣẹ́ o!” Kí Télọ̀ tó gbójú sókè, ó ti dé òdìkejì.

Ibẹ̀ ni Télọ̀ yóò ti máa gbọ́ ọ. “Bàbá kékeré, ẹ wá wò ó! Bàbá kékeré, èyí ń sùn!” Gbogbo “Bàbá” tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde ń gún Télọ̀ bí ẹni ki píìnì bọ abẹ́ èékánná.

“Kí ni wọ́n ń wò níbẹ̀ gan-an?” ó bi ìyàwó rẹ̀.

“Ẹja ni.”

“Ẹja náà ń sọ̀rọ̀ ni?”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń dá ọmọ náà lóhùn tẹ́ ẹ bá ti jókòó ti máṣínnì?”

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Télọ̀ ra àpótí tiẹ̀. Ó rí i dájú pé ó tó ìlọ́po méjì ti àbúrò rẹ̀. Ojú fèrèsé tó kọjú sí géètì ló gbé e sí, kí Jẹ́jẹ́ má lè ti ibi iṣẹ́ dé láìrí i. Ẹja mẹ́fà aláwọ̀ góòlù ló kó sínú rẹ̀, ó sì ń fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, torí ó fẹ́ kí wọ́n sanra ju ti ọ̀hún lọ. Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ìbéèrè fi jókòó tì í. Ayé dùn mọ́ Télọ̀ débi pé ó ń súfèé lórí iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàwọ̀ dà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé omi, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bí ọṣẹ, ti bo gíláàsì.

“Dádì, ẹja yín dà?”

“Wọ́n wà níbẹ̀.”

“Mi ò rí wọn.” Ó fi imú ti gíláàsì, ó wò ó títí. “Ti Bàbá kékeré mọ́ gaara. Ìṣáwùrú ló ń bá wọn jẹ ewé omi. Méje ni wọ́n, mo máa ń kà wọ́n lójoojúmọ́.” Ó sì dìde, ó gba òdìkejì lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Télọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Ẹlẹ́ja, ẹlẹ́ja tí kì í ta ẹja jíjẹ. Ó ṣàlàyé ohun tó dé bá a.

“Ìṣáwùrú ni kẹ́ ẹ mú,” ni màmá náà wí. “Àwọn abilà yìí. Iṣẹ́ nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n á yé ẹyin funfun wínníwínní sára gíláàsì o, ṣùgbọ́n kò ní pa nínú omi yín. Ẹ ò ní jí lọ́jọ́ kan bá ogójì ọmọ níbẹ̀.”

“Kí ló tún wà?”

“Àwọn ẹja tín-ín-rín yìí, tí kò ju ìka lọ. Àmọ́ wọn kì í fẹ́ dá gbé, wọn kì í sì í fẹ́ omi tuntun.”

“Ìṣáwùrú ni àbúrò mi ní.”

“Ẹ ò rí i! Ẹ kúkú ní kó wá kọ́ yín bó ṣe ń ṣe é.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Télọ̀ na ìka sí ẹja dúdú kan tó fi ẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí ṣákiṣàki. “Ẹ fún mi nìyẹn.”

“Ọ̀gá, ọmọdé nìyẹn o. Ó máa gùn tó apá yín. Ìgbẹ́ tó máa yà á ju ewé omi tó máa jẹ lọ, tó bá sì dàgbà, kò ní fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́.”

“Ṣé àbúrò mi ní irú ẹ̀?”

“Kò ní.”

“Ẹ dì í.”

Kò pé oṣù mẹ́rin tí ẹja náà fi di géńdé. Láńlọ́ọ̀dù ni Ìbéèrè sọ ọ́, nítorí kì í dìde níbi tó bá bà sí àfi tó bá fẹ́ lé àwọn ayálégbé kiri. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bá a níbi tó ti lẹ̀ mọ́ ìhà ọ̀kan nínú àwọn ẹja góòlù, ó ń lá a.

“Dádì, ó ń jẹ ẹja yín o!”

“Ó ń fẹnu kò ó lẹ́nu ni.”

“Ní ìhà?”

Ìyàwó Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Jẹ́jẹ́ wà níbi iṣẹ́, Télọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ tí àbúrò rẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó ṣílẹ̀kùn. Àpótí náà kò tó ìdajì tiẹ̀, omi inú rẹ̀ sì mọ́ bí ẹni pé kò sí omi níbẹ̀. Ó wá àléébù títí. Ó rí ẹyin funfun wínníwínní lára gíláàsì, ó rí ewé omi díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Àfi bó ṣe gbójú sókè, tó rí bébà tí wọ́n yàwòrán sí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan, àpótí láàárín wọn. Ó mọ ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀. “Èmi àti Bàbá kékeré.”

Kò mọ ìgbà tó ti ọwọ́ bọ omi. Ó mú ìṣáwùrú kan, ó mú ìkejì, ó mú ìkẹta.

“Dádì?”

Wọ́n ti tètè jáde nílé ẹ̀kọ́.

“Mo… mo ń wò ó bóyá omi ẹ̀ tutù ni.”

Ìbéèrè kọjá lára rẹ̀. Ó lọ síbi gíláàsì, ó fi ìka ka àwọn ìṣáwùrú. “Mẹ́rin.” Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ tó dì pọ̀, tí omi ń kán láti inú rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó ń béèrè gbogbo nǹkan kò béèrè èyí.

Ibẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ ti ibi iṣẹ́ wọlé bá wọn, ọ̀dà funfun nínú irun rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé. Ṣé kò sí wàhálà?”

Ìbéèrè gbójú sókè sí bàbá rẹ̀, ó ń dúró. Ó yé Télọ̀ pé bí òun bá purọ́, ọmọ náà yóò bá òun bò ó, kò sì ní padà sí abẹ́ tábìlì òun mọ́ láéláé. Ó la àtẹ́lẹwọ́.

“Ìṣáwùrú rẹ ni mò ń jí.”

Jẹ́jẹ́ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ò kúkú ní kí n fún yín?”

“Tí mo bá tọrọ, wàá fún mi. Ohun tí mi ò fẹ́ gan-an nìyẹn.”

Ẹ̀rín náà gbẹ. Jẹ́jẹ́ ha ọ̀dà orí ìka rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. “Ẹ máa mú wọn lọ. Àmọ́ apá wọn ò ní ká ewé omi tí oòrùn bá ń wọ inú àpótí yẹn láti àárọ̀. Ẹ gbé e kúrò lójú fèrèsé, ẹ máa fún wọn lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kẹ́ ẹ sì dá ẹja ńlá yẹn padà. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́, ojú yín ni mò ń wò.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Láńlọ́ọ̀dù wọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì padà sọ́dọ̀ Màmá Ẹlẹ́ja. Wọ́n gbọ́n omi, wọ́n gbé àpótí lọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn máṣínnì, níbi tí ẹnikẹ́ni tó ń ti géètì wọlé kò ti lè rí i. Télọ̀ mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì.

“Bí Bàbá kékeré ṣe ń ṣe é kọ́ nìyẹn,” Ìbéèrè wí.

Télọ̀ dá ọwọ́ dúró. Ó fẹ́ sọ pé ilé òun rèé, àpótí òun rèé. “Báwo ló ṣe ń ṣe é?”

Ọmọ náà kúnlẹ̀ tì í, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á láti òkè wá sílẹ̀. “Báyìí. Ó ní tẹ́ ẹ bá ń yí i po, ṣe ni ìdọ̀tí náà máa fọ́n ká.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló tún ní?”

Ó sọ ọ́. Ó dun Télọ̀ wọra. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá ti tán ló ń béèrè òmíràn, kí ọmọ náà má baà dìde.