Ìka Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá

Nílé bàbá mi l'Ọ̀kà, obìnrin kì í ké tó bá ń rọbí. Á kàn di ojú, á di irin bẹ́ẹ̀dì mú, á sì bímọ bí ẹni tó ń bọ́ bàtà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń ṣọ́ òfin yìí. Nígbà tí mo bí ọmọ mi, mo ké débi pé àwọn tó wà lẹ́nu géètì gbọ́. Títí di òní, tó bá rí mi, á ní, "Ìyá aláriwo, ṣé dáadáa ni?" Mo máa ń ní dáadáa ni, ma.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kadà gbé màmá mi ṣubú níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀kà, òun àti àpò iṣu. Eegun ìhà rẹ̀ mẹ́ta ló sán. Torí pé mímí ń dùn ún, kò mí kanlẹ̀ mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí òtútù àyà fi mú un, la bá gbé e lọ sí ọsibítù n'Ìkàrẹ́. Wọ́n de ìbòmú ńlá kan mọ́ ọn lójú, ẹ̀rọ sì ń fi agbára fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú. Màmá mi ń já a kúrò. Tí a bá dá a padà, á tún já a. Dókítà wá sọ fún wa pé tí kò bá jẹ́ kó wà lójú rẹ̀, rọ́bà ni wọ́n máa kì bọ ọ̀fun rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é jìnnà, òun ò sì mọ̀ bóyá ó máa débẹ̀ láàyè.

Nọ́ọ̀sì ní kó fi ìka sọ bí ìrora náà ṣe tó: tí kò bá sí rárá, kó di ẹ̀ṣẹ́, tó bá ju agbára rẹ̀ lọ, kó na mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Màmá mi yíjú wo ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò, pọ́ọ̀sì lórí itan. Ó di ẹ̀ṣẹ́.

"Ìyàwó wa nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. "Kò dùn ún. Ẹ má fún un ní oògùn oorun kankan o. Ẹni tó bá sùn pẹ̀lú nǹkan yìí lójú, ó lọ nìyẹn."

Bí ojú màmá mi bá sì ti ń pa dé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi á gbá a lẹ́sẹ̀, á ní kó má dójú tì wá. Obìnrin tí eegun rẹ̀ sán, tí kò fojú kan oorun fún ọjọ́ méjì, òun ló fẹ́ dójú ti ẹni tó jókòó sórí àga! Èmi náà ńkọ́? Mo dúró síbẹ̀ bí òpó, mi ò lanu.

Ọmọ mi ló gbà mí. Ó bú sẹ́kún lẹ́yìn mi. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo gbé e lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n bá mi gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò níta, pé àwọn nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọmọ aláriwo lẹ́nu mọ́. Ìyìn yẹn dùn mọ́ ọn. Ó jáde, orí rẹ̀ ń wú.

Mo fẹnu mọ́ màmá mi létí. "Mọ́mì, wọ́n ti jáde. Èmi aláriwo ló kù. Ṣé ó ń dùn yín?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wò mí. Ó wá rọra na ọwọ́ méjèèjì sókè, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Omi ojú rẹ̀ ń ṣàn gba abẹ́ ìbòmú.

Nọ́ọ̀sì sáré pe dókítà. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, lẹ́yìn náà èyí tó ń mú ara balẹ̀, ìwọ̀nba, torí tó bá pọ̀ jù, ó lè mú kí èémí rẹ̀ falẹ̀. Nọ́ọ̀sì fa àga, ó jókòó tì í, ó ń wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Kó tó di wákàtí kan, ọwọ́ màmá mi ti kúrò lójú rẹ̀. Ó ń tòògbé. Tí a bá pè é, á la ojú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé, ó rí i bó ṣe dákẹ́, ó ní ìfaradà nìyẹn. Ó sọ ọ́ kárí wọ́ọ̀dù. Mo gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo jẹ́ kó máa sọ ọ́.

Nígbà tí màmá mi ti padà sílé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá kí i láti ìlú Ùgbẹ̀ tó ń gbé, ó tún ń rò ó fún àwọn àlejò bí ìyàwó àwọn ṣe fara dà á láìgba oògùn. Màmá mi na ọwọ́ gba ọmọ mi, ìhà rẹ̀ ta á. Ó wo ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lójú.

"Ó dùn mí, ma," ló wí. "Ní ọsibítù náà, ó dùn mí."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ń wá nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Mo dìde, mo lọ mú oògùn màmá mi wá.