Káàdì Èkejì Mi

Mo rántí òórùn kàfúrà tó máa ń jáde nínú agolo bisikíìtì ìyá wa ní Ìlódè, ní Ifẹ̀. Inú rẹ̀ ló ń kó káàdì ìdìbò gbogbo wa sí, nítorí ó ní ọmọ tó bá fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ wálé wá dì í, kí òun lè fojú kàn án. Èkejì mi tó ń gbé ní Àbújá kò mú tirẹ̀ lọ rí. Ìbejì ni wá. Èmi ni Táyé, òun ni Kẹ́hìndé, a sì jọra débi pé bàbá wa ń fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì títí ó fi kú.

Nígbà yẹn, ọ́fíìsì kan ní yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń yẹ ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Bí orúkọ tó wà lára káàdì ọmọ kan kò bá ti bá ti inú fọ́ọ̀mù mu, màá ní, "Orúkọ méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Lọ tún un ṣe wá." Ọmọ ì báà sunkún, kò kàn mí. Inú mi a máa dùn sí ara mi pé n kì í gba gbẹ̀rẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé kan ni èkejì mi pè láti ọsibítù. Ìfun rẹ̀ ló lọ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sì gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti tọwọ́ bọ̀wé. "Táyé, ẹ̀rù ń bà mí. Ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ lọ wo gbogbo nǹkan fún wa. Wọn ò ní gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ tí mi ò bá rí ẹ."

Aládùúgbò rẹ̀ tó gbé e dé ọsibítù ló bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ọ̀sán láti Ìbàdàn. Káàdì ibi iṣẹ́ mi wà nínú dúrọ́ọ̀ ní ọ́fíìsì, wọ́n sì ti tì í pa. Ìyá wa ṣí agolo rẹ̀, ó ń sunkún, ó na káàdì ìdìbò kan sí mi. Mo wo fọ́tò rẹ̀, ojú ara mi ni mo rí, mo bá jù ú sínú báàgì.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, obìnrin tó ń yẹ èrò wò níbi àyẹ̀wò wo káàdì, ó wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wá wojú mi.

"Ojú yín rèé o, mà. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí kọ́ ló wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì."

Ìgbà yẹn ni mo tó kà á. Kẹ́hìndé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ láàárín èrò. "Ẹ jọ̀ọ́, ìbejì ni wá, ó ń kú lọ! Ẹ jẹ́ kí ìyá mi ya fọ́tò káàdì tèmi ránṣẹ́!"

"Mo gbà yín gbọ́, mà. A kì í gba fọ́tò. Orúkọ méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu."

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an ló sọ. Mo bẹ ọ̀gá rẹ̀, mo bẹ ẹni tí kò mọ nǹkan kan níbẹ̀, títí bàálù fi gbéra níṣojú mi. Àsìkò náà ni fóònù mi dún.

"Ṣé o ti wọ bàálù?"

Ìrora ti mú ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Bí mo bá sọ òótọ́, kò ní tọwọ́ bọ̀wé. "Mo ti jókòó," ni mo wí. "Wọ́n ti ní ká pa fóònù. Jọ̀ọ́, tọwọ́ bọ̀ ọ́, kó o tó jí màá ti dé."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa."

Mo pa fóònù náà lóòótọ́, kí irọ́ mi má bàa tú. Mo wọ bọ́ọ̀sì Àbújá, ó gba Ìpetumodù, ó gba Ifẹ̀ kọjá, níbi tí ìyá wa ti gbà pé mo wà nínú bàálù lókè. Nígbà tí mo tan fóònù, mo rí i pé ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pè é padà, aládùúgbò rẹ̀ ló gbé e, ó ní wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kò jáde láàyè. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lo ọjọ́ kan.

Ní mọ́ṣúárì, akọ̀wé ní kí n mú ìwé ìdánimọ̀ olóògbé wá. Káàdì yẹn náà ni mo nà sí i. Ó wò ó, ó wò mí, ẹ̀rù bà á díẹ̀, ó sì kọ orúkọ sínú ìwé. "Ó bá mu," ni ó wí.

A kì í sọ pé ìbejì kú. Ìyá wa ṣì ń sọ fún àwọn àlejò pé Kẹ́hìndé rìnrìn àjò. Mo ṣì ń yẹ ìwé wò ní yunifásítì, òfin ṣì ni òfin, ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ń sunkún, mo máa ń fún un ní àga kí n tó bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti wọ bàálù nígbà mélòó kan lẹ́yìn náà, káàdì ìdìbò àwa méjèèjì sì máa ń wà nínú pọ́ọ̀sì mi. Bí wọ́n bá ní ká pa fóònù, èmi ni mo máa ń pa tèmi kẹ́yìn. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ sọ fún mi nígbà tó pè lẹ́ẹ̀mẹta yẹn.