Omi Tó Wọ Ọkọ̀ Mọ́ráyọ̀

Ọjọ́ tí wọ́n gbé fóònù pẹrẹsẹ náà dé ilé ìwòsàn wa, Ìyá Orímisàn wò ó tìfura-tìfura, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé èyí náà máa ń gbẹ̀bí ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kì í gbẹ̀bí o, ṣùgbọ́n yóò máa bi àwọn aláboyún ní ìbéèrè, yóò sì sọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ fún wa. Bí ó bá tan àwọ̀ ewé, àlàáfíà ni. Bí ó bá tan pupa, kí a má jẹ̀ẹ́ kí onítọ̀hún lọ sílé. Ìyá Orímisàn, tó ti ń bá wọn tọ́jú aláboyún níbẹ̀ kí n tó dé, kàn ṣe "hẹn" ni, ó sì mú ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ òkè ni mí, Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí mi. Nígbà tí ìjọba gbé mi lọ sí etí omi Ìlàjẹ, omi tí mo mọ̀ kò ju ti kànga lọ. Ilé ìwòsàn wa dúró lórí òpó nínú omi, kò jìnnà sí Zion Pepe, ọkọ̀ ojú omi sì ni gbogbo aláìsàn ń bá wá. Ìbọn ń dún nínú odò láwọn ọdún náà. Àwọn agbébọn á ya wọ abúlé kan, àwọn ará ibẹ̀ á sì sá tọ̀ wá wá pẹ̀lú ẹní àti ìkòkò. Síbẹ̀, bí mo bá rántí òórùn ẹja tí wọ́n ń yan níbẹ̀ láàárọ̀, àárò rẹ̀ máa ń sọ mí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ inú fóònù náà ni: "Ǹjẹ́ inú rẹ bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yìí?" Ẹ ro ohun tí aláboyún ń gbọ́. Obìnrin tó gbé oyún sínú, o ní ṣé inú rẹ̀ bàjẹ́! "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Inú mi kò ní bàjẹ́ láyé!" Àwọn mìíràn á tún fi ọwọ́ yí orí ká, wọ́n á ta ìka. Àdúrà ni wọ́n ń gbà, èmi sì ń tẹ "Rárá" wọlé. Àwọ̀ ewé ni gbogbo wọn ń tan, mo sì ń yọ̀ pé obìnrin Ìlàjẹ lọ́kàn bí irin.

Lọ́jọ́ kan ni aláboyún kan tó ń jẹ́ Mọ́ráyọ̀ dé, ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé e wá. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Àwọn agbébọn ti lé wọn kúrò lábúlé wọn, láti ọjọ́ náà ni wọn kò sì ti rí ọkọ rẹ̀, wọn kò rí òkú rẹ̀. Mo bi í ní gbogbo ìbéèrè náà. "Rárá." "Rárá." "Rárá." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, mo kà á sí ìwà ọmọlúàbí. Fóònù tan àwọ̀ ewé. Mo ní kó máa lọ, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Wọn kò tíì tú okùn ọkọ̀ tán tí Ìyá Orímisàn fi gbá mi lápá mú.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé fóònù yín rí ẹsẹ̀ ọma yẹn?" Bí àwọn Ìlàjẹ ṣe ń pe ọmọ nìyẹn.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀? Kò kúkú wú."

"Ó rin gbingbin. Mo wà lórí àfárá nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Omi ń wọ ọkọ̀, ó dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ike tí wọ́n fi ń gbọ́n omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò mú un. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀, òun náà ló tún ń gbọ́n omi." Ó mi orí. "Ọma Ìlàjẹ tó bá ti mọ ìjókòó ti mọ omi gbọ́n. Èyí tó bá ń wò ó níran, kò fẹ́ gúnlẹ̀ ni."

Mo sáré lórí àfárá pákó, bàtà mi kan bọ́ sómi, n kò wo ẹ̀yìn. Mo bi í láti òkè pé, "Mọ́ráyọ̀, kí ló dé tí o kò gbọ́n omi?"

Ó gbójú sókè wò mí.

"Ta ni mo fẹ́ gbọ́n ọn fún, nọ́ọ̀sì?"

Ó ní látìgbà tí ọkọ òun kò ti padà, kò sí ọkọ̀ tí òun wọ̀ tí òun kò gbàdúrà kó rì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, n kò ní purọ́. Ìtìjú ló pọ̀ jù nínú ẹkún tèmi.

A kò jẹ́ kó lọ mọ́. Ọ̀nà omi kò ṣeé gbà lákòókò náà, nítorí náà dókítà tó ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìgboro lórí fóònù. Ìyá Orímisàn tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Mọ́ráyọ̀ bí obìnrin. Ọkọ rẹ̀ kò padà títí dòní.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ìbéèrè inú fóònù náà pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbígbọ́n omi ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀. Wọ́n yọ "inú rẹ bàjẹ́" kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ló kan ọkọ̀ àti ike nínú ọ̀rọ̀ ìlera. N kò bá wọn jà. Láti ìgbà náà, kí n tó tan fóònù, mo máa ń fi ẹnu ara mi bi obìnrin kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé o ṣì ń gbọ́n omi ọkọ̀ rẹ?" Kò sí ẹni tó ń tijú ìbéèrè yẹn, torí kò sí ọkọ̀ tí omi kì í wọ̀. Ẹni tó bá ti dáhùn ún á sọ òótọ́ sí ìbéèrè fóònù pẹ̀lú. Ìgbà náà ni pupa bẹ̀rẹ̀ sí tàn, tí a sì ń rí wọn tọ́jú.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, Mọ́ráyọ̀ ní kò sí ẹlòmíràn tó máa gbé mi dé èbúté. Ọmọ rẹ̀ jókòó láàárín wa. Ọkọ̀ náà ti gbó, kò pẹ́ tí omi fi ń yọ́ wọlé. Mo na ọwọ́ mú ike, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ẹ ká ẹsẹ̀ yín sókè, nọ́ọ̀sì," ó ní. "Mò ń gbọ́n ọn."