Òkun Ìgbà Wo?

Bí a bá bi tíṣà jọ́gíráfì wa bí òkun Accra ṣe ga tó, á ní, "Òkun ìgbà wo?" Á wá dúró gba ìdáhùn. Omi ń kún, ó sì ń fà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n pín in dọ́gba láti mọ bó ṣe ga tó.

Òwúrọ̀ tí omi fà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá wo ilé tíṣà wa, Bàbá Alata, létí òkun. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n wọn omi òkun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní ilé náà kò nílò ògiri ìdènà.

"Ẹ jẹ́ kó kún ná, ẹ̀yin ọmọ mi."

"Bàbá Alata, dẹ́rẹ́bà wa ń dúró."

Omi ti wó ilé náà. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò Mamobi ni tíṣà wà báyìí. Lánàá, mo sọ fún un pé òkun ti rọlẹ̀.

"Òkun ìgbà wo?" Kò dúró gba ìdáhùn.