Kọ́kọ́rọ́ Bàbá Alábà

Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín ní ilé-ìwé yẹn, ìtàn ọjọ́ tí Bàbá Alábà ti ẹsẹ̀ alábẹ̀wò mọ́ inú igi ni yóò kọ́kọ́ bèèrè.

Alábẹ̀wò náà, tí ìjọba rán, wá láti gba ìwé kan kúrò lọ́wọ́ wọn ni. Ìtàn àtijọ́ láti Amẹ́ríkà ni, nípa obìnrin kan tí ìlú àwọn Píúrítànì dá lẹ́jọ́, àwọn onígbàgbọ́ líle tí ẹ̀rín lásán lọ́jọ́ ìsinmi lè di ẹjọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọdún méjìlá ni Bàbá Alábà ti fi ìwé yìí kọ́ni. Ó ní kò sẹ́ni tó lè mọ ìwé náà láìmọ ayé àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ló bá ní kí káfíńtà kan àbà síwájú kíláàsì: pákó méjì tó lanu fún ẹsẹ̀ méjì, pẹ̀lú àgádágodo ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fìyà jẹ arúfin nígbà náà. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

"Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú láti ọ̀ọ́dúnrún ọdún?" alábẹ̀wò bèèrè.

"Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, sà," Bàbá Alábà fèsì. "Ẹ fẹsẹ̀ síbí ná, kí ẹ tó dájọ́."

Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Àgádágodo dún gbà. Nígbà tó tó àkókò láti ṣí i, kọ́kọ́rọ́ di àwátì. Bàbá Alábà tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta, ó wo abẹ́ tábìlì, ó mirí.

"Wọ́n ti lọ pe káfíńtà," ó ní. "Kó tó dé, ẹ jẹ́ ká máa kàwé díẹ̀."

Orí mẹ́ta ló kà. Nígbà tí káfíńtà dé tòun ti irinṣẹ́ rẹ̀, alábẹ̀wò ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Ní sùúrù, jàre! Jẹ́ ká gbọ́ bóyá wọ́n á dá obìnrin yẹn sílẹ̀."

Ìwé náà ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Káfíńtà tú irin tó di pákó mú, ó yọ alábẹ̀wò jáde, ó sì kan irin náà padà. Àgádágodo wà níbẹ̀ ní títì fún ogún ọdún.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó ní ìlà iwájú lọ́jọ́ yẹn ló di olùkọ́ ní kíláàsì náà lónìí. Kò sóhun tí ojú rẹ̀ ò rí lọ́wọ́ Bàbá Alábà. Ó rí ọjọ́ tó gé ẹ̀yìn gbogbo àga kúrò, nítorí pé bẹ́ńṣì aláìlẹ́yìn làwọn Píúrítànì fi ń gbọ́ ìwàásù. Ìyá ọmọ kan fi ìbínú wọlé.

"Olùkọ́, ẹ̀yìn ń dun ọmọ mi!"

"Ẹ kú oríire, mà," ó ní. "Ọmọ yín ti wọ orí kìíní."

Ó tún ní ọ̀pá gígùn kan, torí pé ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn yẹn, ẹnìkan a máa rìn káàkiri, a máa fi ọ̀pá kan orí ẹni tó bá ń sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, Bàbá Alábà fúnra rẹ̀ sùn lọ lórí ìdúró, ìwé lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ìlà iwájú dìde, ó mú ọ̀pá, ó kàn án lórí: kó! Àyà gbogbo wọn já. Bàbá Alábà lajú, ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Ẹ wò ó," ó wí fún àwọn yòókù, "ó kéré tán, ẹnìkan ń gbọ́ ohun tí mò ń kọ́ yín."

Orí ọmọbìnrin náà wú. Títí di òní, ó ṣì ń wú.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n sin Bàbá Alábà, lẹ́tà dé. Alábẹ̀wò tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní ìwé náà ti gbó jù, àwọn fẹ́ yọ ọ́. Ọkàn olùkọ́bìnrin ò balẹ̀ mọ́. Ó mọ ìwé náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní ẹnu ọ̀gá rẹ̀. Ó lọ sọ fún màmá, ìyàwó olóògbé.

Màmá wọ yàrá, ó gbé ìwé ọkọ rẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ti fi téèpù lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Ó ní ìwọ ni kí n fún."

Ìwé náà ṣí fúnra rẹ̀ sí ibi tí Bàbá Alábà ti bẹ̀rẹ̀ kíkà fún alábẹ̀wò lọ́jọ́sí. Kọ́kọ́rọ́ kan wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà.

"Inú ìwé tó dì mọ́wọ́!" màmá kígbe. "Ogún ọdún ni mo fi ń bi ọkùnrin yìí! Ó ní bóyá eku ló gbé e!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí ẹ̀rín tán, omi náà ò dá.

"Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ọmọ mi," màmá ní.

"Èmi náà, mà."

Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́bìnrin tètè dé. Ó fi epo pa kọ́kọ́rọ́, ó ṣí àgádágodo. Alábẹ̀wò tuntun wọlé, obìnrin kan tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ ṣáá.

"Mi ò ní pẹ́. Kí lẹ ń pe igi yìí?"

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ fẹsẹ̀ síbí ná, kí ẹ tó dájọ́."

Àgádágodo dún gbà. Olùkọ́bìnrin rọra fi kọ́kọ́rọ́ sí ojú ìwé tó ti wà tẹ́lẹ̀, ó pa ìwé dé, ó kọjú sí kíláàsì. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.

"Ẹ̀yin ọmọ," ó ní, "ta ló rí kọ́kọ́rọ́?"